Òtítọ́ Dọ́jà, Ṣé Dandan Ni Kó Kùtà?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ tí ẹ mọ̀ mí mọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ áńpílífáyà ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín pé, "Kí ni ìyá aláṣọ wá rí sọ nípa áńpílífáyà?" Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀. Nígbà tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, fẹ́ràn orin púpọ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ ni. Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí ayé Udoji ní 1975, nígbà tí owó oṣù lé sí i, tí onírúurú èèyàn ń ra stẹ́ríò. Òun ò rà nígbà yẹn, ó ní òun ń tọ́jú owó de ojúlówó. Ní 1978 ló ra Sansui AU-717, iṣẹ́ àwọn ará Japan. Ìtumọ̀ Sansui ní èdè wọn ni "òkè àti omi". Tiransifọ́mà ni iléeṣẹ́ yẹn kọ́kọ́ ń ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áńpílífáyà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ di àmùrè. Wáàtì 85 ló ń gbé jáde lápá ọ̀tún, 85 lápá òsì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo ló ń pa o. Tí ọkọ mi bá gbé àwo Haruna Ìṣọ̀lá sí i lálẹ́ Sátidé, ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dúró lọ́tọ̀, agogo lọ́tọ̀, ohùn àwọn elégbè lọ́tọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa.

Ní 1986 tí SAP dé, ọmọ mẹ́rin wà nílé ìwé. Ó gbé e tà. Kò ráhùn, kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, rédíò kékeré ló ń gbọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tó di 2022, tó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́wàá tó ti lọ, mo ní n ó wá irú áńpílífáyà yẹn gan-an rà, ká fi gbé orin rẹ̀ níbi ìrántí.

Wọ́n júwe ẹnì kan fún mi ní Èkó, tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ọjà rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ lọ. Áńpílífáyà náà ń dán yanranyanran, ó ti fi òróró pa á lára. Ó ní, "Mọ́mì, ìlú Òyìnbó tààrà ni. Bàbá àgbàlagbà kan ló lò ó, kò sẹ́ni tó ṣí i rí." Ó so sípíkà méjì mọ́ ọn, ó fi orin sí i, sípíkà méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́jú márùn-ún báyìí ló fi kọrin kó tó pa á. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Mo san ₦185,000. N kò gba rìsíìtì. Èmi tí mo ti lo ọgbọ̀n ọdún lé lọ́jà! Ẹ bá mi gbọ́.

A délé, a so ó. Apá ọ̀tún ń kọrin, apá òsì dákẹ́ lọ gbári. A tún wáyà rẹ̀ so, kò yí padà. Kò pé ogún ìṣẹ́jú, ó dún "kẹ́!" nínú, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, òórùn nǹkan tó ń jó sì gba pálọ̀.

Mo gbé e padà lọ sí Èkó. Ọkùnrin yìí wo ojú mi, ó ní ìgbà tí òun tà á, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Mo pariwo, àwọn èèyàn pé lé wa lórí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ọlọ́jà ni ẹ̀yin náà. Ẹ kúkú mọ bó ṣe ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Mo dé ìdí ọ̀rọ̀ náà níwájú.

Ọmọdékùnrin kan ló kọ́kọ́ gbà á lọ tún ṣe. Ó gba ₦12,000, ó sì dá a padà bó ṣe wà, ó ní kò ṣe é tún ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá atúnrédíòṣe kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kí bàbá tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó yọ ọ́ lójú iná, ó sì tún fi irinṣẹ́ fa iná tó ṣẹ́kù nínú àwọn kapásítọ̀ ńlá jáde. Ó ní iná máa ń wà nínú wọn bí omi inú àmù, bí a tilẹ̀ ti ti ẹ̀rọ̀ omi, omi àmù ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè gbé ọmọ ènìyàn ṣubú. Ó wá pè mí kí n wá wò ó.

Ohun àkọ́kọ́ tó fi hàn mí ni fíúsì. Fíúsì ti jó, ẹni kan sì ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e, kí iná lè máa kọjá. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ fíúsì ni pé kó kú kí ilé má baà jó. Ẹni tó bá fi bébà wé e ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun kejì, tiransísítọ̀ tó ń ti ohùn jáde lápá òsì ti jó, ayédèrú sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohun kẹta, gọ́ọ̀mù tí iléeṣẹ́ fi lẹ àwọn nǹkan inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di dúdú, ó ń jẹ ẹsẹ̀ wọn bí ìpẹtà. Bàbá ní ti ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tà á, ọjọ́ orí ló fà á, ó sì wọ́pọ̀ lára Sansui ìgbà yẹn. Kapásítọ̀ kéékèèké náà ti ń gbẹ nínú.

Mo ní, "Bàbá, ṣebí sípíkà méjèèjì kọrin níwájú mi?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá aláṣọ, apá ọ̀tún kan náà ló so sípíkà méjèèjì mọ́. Ẹ ò wo ẹ̀yìn rẹ̀." Lóòótọ́, n kò wo ẹ̀yìn.

Ibi tí n óò ti tú àṣírí ara mi fún yín rèé. Ọjọ́ kejì, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, owó yìí ò gbọdọ̀ wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká nù ún dáadáa, ká fi tó ẹlòmíì létí, ká tà á bí wọ́n ṣe tà á fún wa." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń yá èèyàn ní kánópì àti àga ládùúgbò wa sì ti ń béèrè irú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ọkàn mi ti gbà á dé ìdajì. Mo lọ sọ fún bàbá pé kó bá mi dé e padà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ lè tà á o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tà á pẹ̀lú fíúsì yìí, tí ilé ẹni ẹlẹ́ni bá jó, ta ni yóò mọ̀ pé ẹ̀yin ni?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi dáhùn nínú ọkàn mi pé èmi ni n óò mọ̀.

Òru ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin Èkó yẹn sọ padà wá bá mi. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Mo rántí ìgbà kan tí òjò wọ ìsọ̀ mi, tí ìgàn léèsì mẹ́ta gba omi. Mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sì ṣẹ́ ẹ lọ́nà tí àbàwọ́n yóò fi wà nínú. Mo tà á fún ìyá ìyàwó kan ní iye tí mo ń ta èyí tó pé. Mo ń retí pé yóò padà wá bá mi jà. Kò padà wá. Mo rò nígbà náà pé mo ti mú un jẹ. Ó di ìgbà tí èmi náà kúrò nílé ọlọ́jà Èkó, tí mo búra pé n kò tún ní débẹ̀ mọ́, kó tó yé mi pé obìnrin yẹn kò padà wá nítorí pé ó ti lọ bá ẹlòmíì. N kò mọ ilé rẹ̀ títí di òní. Tó bá rí ìwé yìí, kó wá. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ òwe yìí di àwáwí. Tí ẹnì kan bá ní ká sọ òtítọ́ ọjà, a ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó kùtà ni?" Èrò tèmi ni pé ẹ̀dùn ọkàn ni àwọn àgbà fi pa òwe yẹn, wọn kò fi pàṣẹ fún wa. Ẹ jẹ́ ká sì fi owó ṣe ìṣirò rẹ̀, torí owó ni èdè tiwa.

Bàbá ní tí ọkùnrin yẹn bá ti sọ fún mi pé apá òsì ti kú, iye tó yẹ kó tà á ni ₦110,000. Ohun èlò tí bàbá rà jẹ́ ₦41,000, owó iṣẹ́ rẹ̀ ₦30,000. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦181,000. Ẹ gbọ́ o: tó bá sọ òtítọ́ fún mi, mo ṣì máa rà á, torí nǹkan ọkọ mi ni mò ń wá, n ó sì ná ₦181,000 lórí rẹ̀. Nísinsìnyí, ₦268,000 ni mo ná, láì ka owó ọkọ̀. Irọ́ rẹ̀ jèrè ₦75,000 fún un. Kí ló wá pàdánù? Ó pàdánù èmi. Ó pàdánù ọ̀dọ́mọkùnrin oníkánópì tó fẹ́ ra tirẹ̀. Ó pàdánù ìjọ méjì tó béèrè lọ́wọ́ mi níbo ni wọ́n ti lè rí sípíkà tòkunbọ̀ tó dára.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀bá ìsọ̀ rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lè jẹ́ olóòótọ́. Èmi ò mọ̀ wọ́n. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé, "Ẹ má dé ìlà yẹn." Àwọn tí kò ṣẹ̀ ń san nínú gbèsè ẹni tó ṣẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni. Nígbà tí ìyá kan bá tẹ ìdí kóńgò wọlé, tí ẹlòmíì bá to tòmátì pupa sókè tó fi jíjẹrà sí ìsàlẹ̀, oníbàárà kì í sọ pé "Ìyá lágbájá ló rẹ́ mi jẹ." Ohun tó máa ń sọ ni pé "Ọjà yẹn, olè ni wọ́n." Orúkọ gbogbo wa ló bá a lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní, "Ìyá aláṣọ, ọmọ yín ti dàgbà, ẹ ti rówó. Èmi tí mo gba owó èlé gbọ́mú-lé-láńtà, tí mo gbọ́dọ̀ dá a lọ́jọ́ Túsìdeè, tí mo bá sọ àbùkù ọjà mi, tí oníbàárà lọ ńkọ́?" Òótọ́ ni. Àwọn kan á lọ. Mi ò ní sọ fún yín pé òtítọ́ kì í dunni. Mo ti ń kọ àbùkù sára aṣọ mi láti ìgbà náà, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo gbé aṣọ alábùkù relé bí mo ṣe gbé e wá. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wa bá jọ ń sọ ọ́, níbo ni oníbàárà á lọ? Ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òtítọ́ láàárín opurọ́ ni ọjà rẹ̀ ń kùtà. Tí ó bá di òfin ọjà, kò sẹ́ni tó máa dá jìyà rẹ̀.

Ìjọba ní òfin lóòótọ́. Ní 1992 ni wọ́n ti ṣe òfin tó dá àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀. Òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀ ló rọ́pò rẹ̀, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe, tí orúkọ iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é ṣì wà lára rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba pé wọ́n ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó máa ti ìsọ̀ pa lọ rojọ́ nítorí fíríìjì tàbí rédíò? Ẹgbẹ́ ló sún mọ́ wa. Nítorí náà, mo bẹ ìyálọ́jà àti ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gbé nǹkan mẹ́ta yìí wò ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ìkíní, ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ẹrù àlòkù lọ́jà wa, ìbáà jẹ́ rédíò, fíríìjì, ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, kó máa kọ rìsíìtì tí orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìsọ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kó sì kọ àbùkù tó mọ̀ síbẹ̀.

Ìkejì, kí a fún oníbàárà ní ọjọ́ méje lórí ohun tó ń lo iná. Tí àbùkù tí wọn kò kọ bá yọjú láàárín ọjọ́ méje, kí wọ́n dá owó padà tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ bá wọn dá a.

Ìkẹta, kí àwa aláṣọ àti ẹ̀yin aláta náà ní ibì kan lórí àtẹ tí a ń to èyí tó lábùkù sí, ní iye tirẹ̀. Àwọn tó ń wá ẹ̀dínwó pọ̀. Wọn kì í bínú sí àbùkù tí wọ́n bá rí, èyí tí a fi pamọ́ ni wọ́n ń bínú sí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ orin fún òde tàbí fún yíyá, ẹ gba ohun tí owó mi fi kọ́ mi. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wo iwájú. Ẹ wo iye fólítì tí wọ́n kọ síbẹ̀: ti Japan jẹ́ 100, ti Amẹ́ríkà 120, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Tí ẹ bá so ti Japan mọ́ iná wa láìsí ẹ̀rọ tó ń bù ú kù, ó jó nìyẹn. Ẹ so sípíkà kan mọ́ apá ọ̀tún, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ so ó mọ́ apá òsì, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó kọrin fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín. Ẹ ní kó yọ fíúsì fún yín kí ẹ fi ojú rí i. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí áńpílífáyà náà parí sí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bàbá fi ṣe é. Ó ha gọ́ọ̀mù náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó pààrọ̀ kapásítọ̀, ó yọ ojúlówó tiransísítọ̀ lára ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ti kú, ó sì wọn gbogbo wọn kó tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ tàn án, kò so ó mọ́ iná tààrà. Ó fi gílóòbù wáàtì 100, irú ti àtijọ́ tó máa ń gbóná, sí àárín òun àti iná. Ó ní, "Tí gílóòbù yìí bá tàn gbòò tí kò rẹlẹ̀, nǹkan kan ṣì ń jẹ iná ní ìjẹkújẹ nínú ibẹ̀. Tó bá tàn fìrí, tó sì wálẹ̀, ara ti yá." Ó tàn fìrí. Ó wálẹ̀. Bàbá wá fi mítà wọn ẹnu ibi tí wáyà sípíkà ń wọ̀, torí iná tó bá ti ibẹ̀ jò lè jó sípíkà. Ó ní ó ti tó.

Ọjọ́ ìrántí ti kọjá nígbà náà. Rédíò kékeré rẹ̀ la gbé síta lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo gbé e délé, èmi nìkan jókòó sí pálọ̀, mo fi àwo sí i. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dúró lọ́tọ̀, agogo lọ́tọ̀. Mi ò ní sọ fún yín pé mi ò sunkún.

Oníkánópì ti ní òun á san ₦300,000 lórí rẹ̀. N kò tà á. Tó bá di ọjọ́ kan tí ọmọ mi bá fẹ́ tà á lẹ́yìn mi, mo ti kọ ìwé kan sábẹ́ rẹ̀: ohun tó bàjẹ́, ohun tí a pààrọ̀, ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀. Kó tà á pẹ̀lú ìwé náà.

Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá. Kí ẹni tó rà lọ́wọ́ wa tún padà wá rà.